Ọmọ Tí Kì í Jiyàn

Ẹ má sọ fún mi pé kí n ní sùúrù. Sùúrù tí mo ti ní láti ọdún méjì ààbọ̀ sẹ́yìn, bí wọ́n bá kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù, táyà á bẹ́. Ìgbà mẹ́tàdínlógún ni mo ti kọ̀wé wá àyè láti gboyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìgbà mẹ́tàdínlógún náà ni wọ́n dá mi lóhùn pé àwọn dúpẹ́, pé iṣẹ́ mi wú àwọn lórí, pé kí n máa wá a níbòmíì. Níbòmíì wo? Bí iṣẹ́ mi bá wú yín lórí, ẹ gbà mí. Bí kò bá wú yín lórí, ẹ sọ ọ́ kí n gbọ́, kí n lọ jókòó ti máṣíìnì ìyá mi, kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ò ní awo nínú. Asẹ́ alámọ̀ ni, èyí tó ń sẹ́ omi ìdọ̀tí tí ilé iṣẹ́ ń dà nù títí á fi mọ́. A ó lọ amọ̀ kúnná, a ó pò ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú igi tí àwọn alápákó rẹ́ dà nù, a ó tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ bí àwo, a ó jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta, a ó wá kó o sínú ààrò oníná. Inú ààrò yẹn ni igi á ti jóná, tí á fi ihò wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí sílẹ̀ nínú amọ̀. Bí ààrò ò bá gbóná tó, asẹ́ á fọ́ sínú omi. Bó bá gbóná jù, ihò á dí. Ẹni tó bá mọ ìwọ̀n ìgbóná ló mọ iṣẹ́ náà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù tí mo ti ń ṣe é ló kọ́ mi. Ọ̀gá Alámọ̀ là ń pè wọ́n lẹ́yìn, Bàbá ni mo ń pè wọ́n lójú. Olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, wọn kì í ṣahun ìmọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, ọ̀rọ̀ tán nìyẹn. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ló ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí wọ́n ń jẹ́rìí fún kì í rí lẹ́tà ọ̀hún. Ọwọ́ ọ̀gá ló ti ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ gba èèyàn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni Bàbá bá mi fi ránṣẹ́, wọn ò ráhùn rí, gbogbo ìgbà náà ni mo sì ń kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Láràárọ̀, kí ìyá mi tó tẹ́ aṣọ oníbàárà sórí tábìlì, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ síbẹ̀, kí n ṣí ojú ewé tí wọ́n ń kó àyè iṣẹ́ ìwádìí jọ sí. Ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n ń wá akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kó ti ní ìrírí ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wá ẹni tó lè dá ṣiṣẹ́, ní ìlà kejì wọ́n ní kó jẹ́ ẹni tí kò lè ṣe kó má bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiṣẹ́. Òmíràn á ní àyè ṣí sílẹ̀, o ó fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ọ́, o ó tún un kọ, wọ́n á wá ní ẹni tí àwọn fẹ́ mú ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀. Kí ló dé tí ẹ wá ń pariwo àyè nígbà náà? Àbúrò mi obìnrin, tí à ń pè ní Lọ́yà torí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè bá èèyàn fà, á yọ orí láti yàrá, á bi mí pé ṣé wọ́n tún ti dúpẹ́ ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejìdínlógún ló wá dà bíi pé ara mi ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó rán an. Asẹ́ alámọ̀ ni, omi ilé iṣẹ́ ni, wọ́n sì fẹ́ ẹni tí á máa dá ààrò bójú tó. Mi ò gbọdọ̀ jẹ́ kí èyí bọ́, torí ìparí oṣù yẹn gan-an ni Bàbá ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n máa ti láàbù pa, wọ́n máa gbé ààrò lọ, iṣẹ́ tèmi náà á sì tán síbẹ̀. Ẹni tí kò ní láàbù, tí kò ní ààrò, tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ta ló fẹ́ wo ìwé rẹ̀? Bí èyí bá bọ́, ó parí nìyẹn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè mí láti fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà láàbù. Èèyàn méjì ni mo bá níbẹ̀, ọkùnrin kan tó kàn ń kọ̀wé, àti màmá onírun funfun kan tó ni iṣẹ́ náà. Màmá bi mí nípa ihò, mo dáhùn. Wọ́n bi mí nípa amọ̀, mo dáhùn. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe ń mọ̀ pé asẹ́ kan máa fọ́ kó tó fọ́, mo ní mo máa ń fi èékánná kàn án, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú, ọkàn mi ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àfi bí wọ́n ṣe mú bébà kan, tí wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

"Ọ̀gá rẹ kọ ọ́ síbí pé ọmọ tí kì í jiyàn ni ọ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ní láti ọdún mẹ́rin, o ò já àwọn níyàn rí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ẹ wá wo ẹnu mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, mi ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń gba ẹ̀bùn. Ọkùnrin yẹn gbé bírò sílẹ̀, Màmá sì mí kanlẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ṣàlàyé fún mi. Wọ́n ní ẹni tí á máa sọ fún àwọn bí àwọn bá ṣìṣe ni àwọn ń wá, pé ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ tó kàn ń jẹ́ ẹ, àwọn ní irú wọn tó. Wọ́n ní ó ku èèyàn méjì, pé ẹnì kejì mi ò mọ iṣẹ́ tó mi, àmọ́ ọ̀gá tirẹ̀ kọ ọ́ pé alágídí ni. Kò yẹ kí àwọn sọ èyí fún mi o, ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni àwọn máa dáwọ́ ìwé gbígbà dúró. Bí lẹ́tà mìíràn bá dé kí aago méjìlá tó lù, àwọn á kà á.

Mo pa kọ̀ǹpútà. Inú bí mi gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún! Mo mọ ìṣe Bàbá: lẹ́tà kan náà ni, àdírẹ́sì nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Èmi ń fi gbogbo òru ayé tún ìwé kọ, mò ń yọ ọ̀rọ̀ kan, mò ń fi òmíràn sí i, ẹni tó fẹ́ràn mi jù sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tí ǹ bá bínú sí.

Nígbà tí mo délé tí mo ròyìn, ìyá mi gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ojú wọn ń dán. Wọ́n ní kí ló burú níbẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá kọ irú ẹ̀ nípa ọmọ àwọn, àwọn á fi férémù sí i, àwọn á gbé e kọ́ sára ògiri. Lọ́yà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó wá bi mí bóyá òótọ́ ni pé ọ̀gá mi ò ṣìṣe rí láti ọdún mẹ́rin.

Ìyá mi gbójú sókè wò mí. Ni mo bá sọ ọ̀rọ̀ ogójì fún wọn, ọ̀rọ̀ tí mi ò sọ fún ẹ̀dá alààyè rí.

Oṣù kejì tí mo dé láàbù ni oníṣẹ́ iná kan wá tún ilẹ̀kùn ààrò ṣe. Ó ti òṣùwọ̀n ìgbóná tirẹ̀ bọ inú ààrò, ó pè mí pé kí n wá wò ó. Ojú ààrò ń sọ pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún dígírì, òṣùwọ̀n tirẹ̀ ń sọ pé ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́ta. Ààrò náà ń fi ogójì dígírì parọ́. Mo fẹ́ lọ sọ fún Bàbá lọ́jọ́ náà gan-an. Àmọ́ mo bá wọn níwájú àwọn àlejò, wọ́n gbé amọ̀ tuntun lọ́wọ́, amọ̀ aláwọ̀ eérú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí létí odò, wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò ọ̀hún pé amọ̀ pupa tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ ló ń fọ́ asẹ́ àwọn, pé aláwọ̀ eérú yìí ò ní fọ́. Inú wọn dùn bí ẹni rí ọmọ tó sọnù. Ẹnu mi ò gbà á. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ti ní kí n fi ààrò sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún, màá rọra fi ogójì lé e. Èmi ni mo ń kọ́kọ́ dé láàárọ̀, ààrò á ti ṣe tiẹ̀ tán kí Bàbá tó wọlé. Asẹ́ ò fọ́ mọ́. Bàbá ní amọ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìmọ̀, wọ́n lọ sọ ọ́ níwájú èrò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìyá mi ní mo ṣe dáadáa, pé bá a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Lọ́yà ní iṣẹ́ tí mo jẹ́ yẹn, ààrò ni mo jẹ́ ẹ fún, mi ò jẹ́ ẹ fún ẹni tó ni ààrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ̀rọ̀ mi láàárín ara wọn bí ẹni ń fa aṣọ, títí Ọjọ́rú fi ṣú. Ìpinnu ìyá mi ló borí: kí n lọ kúnlẹ̀, kí n kàn bẹ Bàbá pé kí wọ́n yọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn kúrò, kí n má dárúkọ ogójì. Bí mo ṣe ń jáde láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Lọ́yà pè mí látẹ̀yìn. Ó ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá. Mo fojú burúkú wò ó, mo lọ.

Yàrá Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ìwé ti wà nínú páálí lẹ́bàá ògiri, ojú ibi tí àwòrán wà tẹ́lẹ̀ funfun ju ìyókù ògiri lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ náà dùn wọ́n, mo rí i. Wọ́n ní lẹ́tà tó dára jù tí àwọn kọ fún ẹnikẹ́ni láyé àwọn ni. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú mi ní láàbù, àwọn kọ ọ́ sínú tirẹ̀ pé agídí rẹ̀ pọ̀, ibi àkọ́kọ́ tó kọ̀wé sí ni wọ́n sì gbà á, ó wá ya àwọn lẹ́nu nígbà náà pé àwọn èèyàn ọ̀hún láàánú. Wọn ò mọ̀ pé nǹkan tó ń pa mí lẹ́rìn-ín tó sì ń pa mí lẹ́kún ni àwọn ń sọ. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣáà yọ ọ́.

"Ṣé kí n wá parọ́ ni?" ni wọ́n bi mí. "Sọ ọjọ́ kan ṣoṣo tí o já mi níyàn, màá kọ ọ́."

Mo wá ọjọ́ kan, mi ò rí. Ibi tí ó ká mi mọ́ nìyẹn. Ká ní ẹni tó lè bá mi parọ́ ni, ì bá ti rọrùn. Olóòótọ́ ni mo kọ lù. Orúnkún ń dùn mí lórí sìmẹ́ńtì, aago ń lọ, mo sì rí i kedere pé màá dìde níbẹ̀, màá dúpẹ́, màá padà sílé lọ tú aṣọ oníbàárà. Nǹkan kan já nínú mi. Mo dìde lóòótọ́, àmọ́ inú láàbù ni mo gbà lọ. Mo ṣí dúrọ́ọ̀ mi, mo gbé àwo amọ̀ pupa mẹ́fà tí mo fi ogójì lé iná yan níkọ̀kọ̀ ní ọdún kejì, tí mo fi bébà wé, mo bu omi sínú ike, mo kó gbogbo ẹ̀ wá síwájú wọn.

Bàbá mọ amọ̀ pupa náà kí n tó tú u tán. Mo ju ọ̀kan sínú omi. A jọ ń wò ó. Kò fọ́. Mo yọ ọ́, mo fún wọn, wọ́n fi èékánná kàn án bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ó dún bí àwo tánganran.

"Amọ̀ kọ́, Bàbá," ni mo wí. "Ìgbóná ni."

Mo sọ ọ̀rọ̀ ogójì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò dá mi dúró. Wọ́n kàn bi mí pé láti ìgbà wo, mo ní láti oṣù kejì tí mo dé. Wọ́n rọra gbé àwo náà kalẹ̀.

"O jẹ́ kí n máa dúró níwájú èrò, kí n máa ròyìn amọ̀," ni wọ́n wí, ohùn wọn ò tilẹ̀ ròkè. "Ìwọ jókòó lẹ́yìn, ò ń pàtẹ́wọ́."

Ó wọ̀ mí lára. Ọmọ tí kì í jiyàn ì bá ti dojú bolẹ̀ níbẹ̀, àmọ́ ọdún méjì ààbọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, kò tún ṣeé gbé mì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n alágídí yẹn ló kọ́kọ́ sọ fún yín pé kí ẹ yẹ ààrò yìí wò, gbogbo láàbù ló mọ̀, oṣù mẹ́ta gbáko lẹ ò fi dá a lóhùn bó bá kí yín." "Ta lẹ fẹ́ kó tún lanu lẹ́yìn ìyẹn?" Mo pariwo. Èmi! Ìgbálẹ̀ ẹni tó ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Bàbá na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n jáde.

Mi ò sọ gbogbo ẹ̀ nílé. Mo ní mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbà. Ìyá mi ní Ọlọ́run á ṣe é, Lọ́yà lọ gbé oúnjẹ mi wá. Ojú ti mí, inú sì ń bí mi, mi ò lè ya ọ̀kan kúrò lára èkejì. Ọ̀gá tó fẹ́ràn mi, mo ti bà á nínú jẹ́. Iṣẹ́ tí mo tìtorí ẹ̀ bà á nínú jẹ́, mi ò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, mo lọ láti lọ kó ẹrù mi. Ẹnu yà mí pé ilẹ̀kùn láàbù ti ṣí. Bàbá ló wà níwájú ààrò, wọ́n ká apá aṣọ sókè, òógùn ń bọ́ lójú wọn, oníṣẹ́ iná tó tún ilẹ̀kùn ààrò ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn sì jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Ojú ààrò ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Bàbá ò kí mi. Wọ́n ní kí n wá ka ti òṣùwọ̀n, mo kà á: ẹgbẹ̀rin ó lé ọgọ́ta. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé àwọn.

Lẹ́tà ti wà lójú kọ̀ǹpútà nínú yàrá wọn. Wọ́n yí i sí mi pé kí n kà á. Mo ní wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń jẹ́rìí fún kà á, wọ́n ní àwọn mọ òfin, kí n kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: "Mo ti kọ̀wé sí yín pé ọmọ yìí kì í jiyàn. Ẹ̀bi mi ni. Ààrò mi fi ọgbọ̀n dígírì parọ́ fún mi, ó mọ̀ ọ́n, ó sì ń tún un ṣe lábẹ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, torí èmi ni mo fi hàn án pé ẹni tó bá sọ̀rọ̀ á jìyà. Lánàá, ó sọ ọ́ lójú mi, ó pariwo, ó sì jàre. Ẹ gbà á kíákíá, kí ó tó tún di ọmọ tí mo ròyìn fún yín tẹ́lẹ̀."

Omi bò mí lójú. Mo nù ún, mo tún un kà, torí mo fẹ́ há a sórí. Ìgbà yẹn ni mo rí i. Ọgbọ̀n ni wọ́n kọ. Aago kọ̀ǹpútà ń sọ mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo ń gbọ́ ohùn ìyá mi nínú orí mi: àgbà dárí jì ọ́, o tún fẹ́ la ẹnu? Bàbá bi mí pé ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀, kí àwọn fi ránṣẹ́.

"Kò dáa, Bàbá," ni mo wí. "Ogójì ni. Ọgbọ̀n kọ́."

Wọ́n wò mí láti orí gíláàsì ojú wọn. Wọ́n yí kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n pa ọgbọ̀n rẹ́, wọ́n kọ ogójì. Wọ́n wá fi ìlà kan kún ìsàlẹ̀, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, mo ń kà á bó ṣe ń jáde: "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún lẹ́tà yìí ṣe fún mi." Wọ́n fi ránṣẹ́.

Ìdáhùn dé lọ́jọ́ Ajé. Nínú gbogbo méjìdínlógún, òun nìkan ni kò fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn béèrè ọjọ́ tí mo lè dé. Lọ́yà fò mọ́ mi, ìyá mi bi mí bóyá lẹ́tà kejì yẹn náà ṣeé fi sínú férémù. Mo lọ sí láàbù láti sọ fún Bàbá. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́, ó ku ẹrù asẹ́ kan tí a ò tíì yan kí wọ́n tó gbé ààrò lọ, kí n lọ tàn án sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún. Mo dúró níwájú ààrò, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ńlá láàbù tó ṣí lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n bi mí pé mélòó ni mo tẹ̀.

Mo ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé ogójì. Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.